Páìpù Tó Ń Jò Lábẹ́ Ilé: Ẹ Má Fọ́ Ilẹ̀, Ẹ Gbé Omi Gba Ara Ògiri

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó, kì í sì í ṣe ti ìdìbò àwọn alákòóso. Ọ̀rọ̀ omi ni. Omi tó ń jò lábẹ́ ilé wa tí ojú wa kò rí, ṣùgbọ́n tí àpò wa ń mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àgbàrá òjò tí à ń rí lójú títì, a mọ bí a ṣe ń dí i lọ́nà. À ń to àpò yanrìn, à ń la kòtò fún un kó bá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n àgbàrá kan wà tí kì í hó, tí kì í dúró de òjò. Abẹ́ kọnkéré yàrá wa ló ń gbé, tọ̀sán tòru ló sì ń ṣiṣẹ́.

Èrò mi nìyí, n kò sì ní fi bò. Bí páìpù omi bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀ ilé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ ilé láti máa wá a kiri. Kí a pa páìpù yẹn tì síbi tó wà, kí a dí i ní orí méjèèjì, kí a sì gbé páìpù tuntun gba ara ògiri níbi tí ojú ti lè rí i. Iṣẹ́ náà kò ju agbára onílé lọ. Ẹgbẹ́ wa náà sì ní ipa tirẹ̀ láti kó níbẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má baà ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mò ń sọ. Ilé tí mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, yàrá mẹ́ta wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, páìpù onírin ni wọ́n tẹ́ sínú ilẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí páìpù ilé rẹ̀ kò bá hàn síta ni wọ́n ń pè ní ọ̀làjú. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí. Ní ọdún kan, láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, àpò ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Mo ní eku ni, mo ra oògùn eku. Mo ní ẹni tó kó ọjà wá fún mi ló kó èyí tó ti rin wá, mo bá a jà. Mo ní ọmọ tó ń bá mi tajà ló ń da omi sílẹ̀, mo bá a wí. Ìyàwó mi ló bọ́ bàtà lọ́jọ́ kan, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ ibí yìí. Ilẹ̀ yìí tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Àbí ẹ kò rí i pé omi táńkì wa kì í pẹ́ mọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Táńkì lítà 1,000 tí a máa ń lò fún ọjọ́ mẹ́rin, kì í pé ọjọ́ méjì mọ́ kó tó gbẹ. Èmi ti ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ pé wọ́n ń fi omi ṣeré nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, jẹnẹrétọ̀ la fi ń fa omi kànga ẹ̀rọ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dúró, ẹni tó bá ń fa omi sínú ilẹ̀, owó ló ń dà sínú ilẹ̀.

Mo pe púlọ́ńbà. Ó fi etí lé ilẹ̀, ó ní ibí ni. Wọ́n fọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí níbẹ̀. Wọ́n fọ́ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n rí i. Wọ́n gé irin tó ti jẹ dànù, wọ́n fi òmíràn so ó, bíríkìlà sì da kọnkéré padà. Mo san owó púlọ́ńbà, mo san owó bíríkìlà, mo ra sìmẹ́ńtì, mo ra táìlì tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu. Kò pé oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tún tutù. Páìpù kan náà ti lu níbòmíràn. N kò bú púlọ́ńbà náà o. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Èmi gan-an ni mo rán an níṣẹ́ tí kò yẹ.

Ibi tí mo ti káwọ́ gbera tí mò ń wo ilẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ wa bá mi, ẹni tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ omi nígbà èwe rẹ̀. Ó ní, "Kí lò ń wá?" Mo ní, "Bàbá, ibi tó ń jò ni mò ń wá o." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kí o máa wá a? Fi í sílẹ̀ kó kú síbẹ̀. Gbé omi gba ibòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú.

Ilẹ̀ wa ń tan wá jẹ

Orúkọ ìlú wa ti sọ irú ilẹ̀ tí a ní. Òkìtìpupa, òkìtì tó pupa. Ilẹ̀ pupa tó ní yanrìn nínú ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó dára fún ọ̀pẹ, ó dára fún ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mu omi. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó le, bí páìpù bá ń jò, omi a sun sókè, onílé a tètè rí i. Níbi tí yanrìn bá wà, omi a máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ ni. Bó sì ṣe ń lọ, ó ń kó yanrìn lẹ́bùúlẹ́bú dání. Díẹ̀díẹ̀, abẹ́ kọnkéré a di ihò, kọnkéré kò ní rí ohun tó gbé e dúró mọ́. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá sán, ògiri lè tẹ̀ lé e. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Omi inú ilẹ̀ oníyanrìn ní agbègbè etíkun bíi tiwa sábà máa ń ní ìkan díẹ̀ nínú, bí ẹnu kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Omi tó bá ní ìkan kì í jẹ́ kí irin pẹ́. Inú páìpù ń jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ tútù náà ń dípẹtà. Nítorí náà, páìpù onírin tó bá lu níbì kan lónìí, ó ti fẹ́lẹ́ níbi púpọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fọ́ ilẹ̀ láti lẹ ihò kan, ọ̀nà fún ihò kejì ló ń là.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1947, iléeṣẹ́ Levitt kọ́ ilé tó lé ní 17,000 sí ìlú kan tí wọ́n pè ní Levittown, nítòsí New York. Orí kọnkéré pẹrẹsẹ ni wọ́n kọ́ àwọn ilé náà lé. Inú kọnkéré yìí ni wọ́n tẹ́ páìpù omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù sí. Nígbà tí páìpù wọ̀nyẹn gbó tí wọ́n sì ń jò, ọ̀pọ̀ onílé kò fọ́ ilẹ̀ mọ́. Wọ́n pa wọ́n tì, wọ́n sì gbé tuntun gba ẹsẹ̀ ògiri. Bí ẹni tó rówó ra ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ìró omi lábẹ́ ilẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wá ni tiwa?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú

Kí á tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ dájú pé páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń jò. Ṣọ́ọ̀kì lásán ni ẹ nílò. Ní alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ti wẹ̀ tán, ẹ pa gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara táńkì níbi tí omi dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń jò níbì kan. Ẹ wá fi kẹ́ẹ̀gì wọn omi padà sínú táńkì títí yóò fi dé ibi àmì náà.

Nínú ilé tèmi, láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin ló lọ. Lítà 100 nìyẹn ní wákàtí mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kan, lítà 300. Ní oṣù kan, lítà 9,000, táńkì mẹ́sàn-án gbáko tí ẹnikẹ́ni kò mu, tí ẹnikẹ́ni kò fi fọṣọ. Ẹ fi iye tí ẹ fi ń fa táńkì kan sókè ṣe ìṣirò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá ilẹ̀ lẹ́bi. Àpótí omi tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lè máa jò sínú àwo láìsí ariwo. Ẹ da búlúù ìfọṣọ díẹ̀ sínú àpótí náà, kí ẹ má fọ̀ ọ́ fún bíi ààbọ̀ wákàtí. Bí búlúù bá hàn nínú àwo, ibẹ̀ ni olè wà, owó kékeré sì ni yóò tún un ṣe. Bí kò bá hàn, ẹ pa fáàfù tó wà lẹ́nu táńkì ní alẹ́ kejì. Bí omi bá dúró síbi àmì, táńkì kò jò, páìpù ni. Bí ọ̀nà balùwẹ̀ àti ti ilé ìdáná bá ní fáàfù tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ óò mọ èyí tó ń jò nínú wọn. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù láti yẹ ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri wò, nítorí pé ní ìgbà òjò, gbogbo ẹsẹ̀ ògiri ló máa ń rin.

Bí a ṣe ń gbé omi gba ara ògiri

Ẹ kọ́kọ́ fi ojú rìn ín. Láti ìdí táńkì, kí páìpù gba ara ògiri ìta lábẹ́ etí òrùlé, kó sì wọlé ní ibi tó sún mọ́ balùwẹ̀ àti ilé ìdáná jù. Ọ̀nà tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni ọ̀nà tó dára, nítorí pé ojú ìsopọ̀ ni omi ti ń wá ọ̀nà jáde. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n, kí ẹ so kókó sí gbogbo ibi tí yóò ti ṣẹ́rí. Okùn yẹn ni ẹ óò mú lọ sọ́jà, kò sí ẹni tó máa tà ju bó ṣe yẹ lọ fún yín.

Ní ọjà, páìpù oníke tí wọ́n ṣe fún omi tó ń tì ni kí ẹ béèrè, èyí tí ara rẹ̀ nípọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tí wọ́n ń fi wáyà iná sí fún yín, ẹ má sì ra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń da omi ìdọ̀tí nù. Wọ́n rọjú, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba agbára omi tó ń ti orí táńkì gíga bọ̀. Fún ọ̀nà tó ti ìdí táńkì wá, ìwọ̀n íńṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ló dára. Fún ẹ̀ka tó lọ sí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ íńṣì tó. Ẹ ra ẹ́bò tó tẹ̀ bí ìgúnpá fún ibi tó bá ṣẹ́rí, tíì fún ibi tó bá pín, fáàfù kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kílíìpù, gọ́ọ̀mù páìpù, àti tépù funfun tí wọ́n ń wé mọ́ ẹnu irin.

Nígbà iṣẹ́, ẹ fi ayùn irin gé páìpù kí ẹnu rẹ̀ gún régé, kí ẹ sì fá ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ kúrò. Ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ rí i pé ó bára mu. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa ẹnu páìpù àti inú ohun tó máa gbà á, ẹ tì í wọlé dópin, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ sì dì í mú kó tó dúró. Ẹ má kánjú. Ẹni tó bá ṣí omi kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ló sọ di ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

Ibi tí ike bá ti pàdé irin, ẹ wé tépù funfun sí i ní ọ̀nà tí ẹnu irin ń gbà yí wọlé, kí ẹ má sì fi agbára púpọ̀ fún un, nítorí pé ike á sán. Ẹ fi kílíìpù di páìpù mọ́ ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta síra wọn. Ibi tó bá ti gba inú ògiri kọjá, ẹ fi èèkù páìpù tó tóbi jù ú lọ sínú ihò náà, kí sìmẹ́ńtì má baà dì í mú. Kí ẹ tó lu ògiri, ẹ mọ ibi tí wáyà iná gbà, kí ẹ sì pa iná, ì báà ṣe ti ìjọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀. Oòrùn ń sọ páìpù ike di ohun tó ń fọ́ bí èèpo ẹyin, nítorí náà ibi tí oòrùn bá ti ń pa á, ẹ fi ọ̀dà funfun tí a fi omi pò kùn ún. Ẹ má fi ọ̀dà olóróró sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni èyí. Ẹ gé páìpù àtijọ́ ní ibi tó ti wọ ilẹ̀ àti ní ibi tó ti jáde, kí ẹ sì dí orí méjèèjì pa. Bí ẹ bá fi orí kan sílẹ̀ mọ́ ara omi tuntun, omi tó dúró tó ń rà ni ẹ so mọ́ ohun tí ẹ ń mu.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ ṣí omi, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn dáadáa títí òórùn gọ́ọ̀mù yóò fi lọ. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ nu ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́, ẹ padà sí ìdí ṣọ́ọ̀kì yín. Tèmi, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi tí mo sàmì sí ni omi wà. N kò ní purọ́ fún yín, mo dúró níwájú táńkì náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọ nù.

Ọ̀rọ̀ àìsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú

Ihò tí omi ń gbà jáde, ìdọ̀tí lè gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí táńkì bá kún, omi ń tì síta. Nígbà tí táńkì bá gbẹ, tàbí tí ẹ̀rọ bá ń fa omi láti inú páìpù, omi ẹlẹ́gbin tó yí ihò náà ká lè wọ inú rẹ̀. Bí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ bá sì wà nítòsí ńkọ́? Ní ìlú London ní ọdún 1854, ọ̀pọ̀ èèyàn kú nítorí àrùn onígbáméjì tó ti inú omi ẹ̀rọ kan wá ní òpópónà Broad Street. Dókítà John Snow ló tọ́ka sí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n wá walẹ̀, wọ́n rí i pé kòtò ẹ̀gbin ilé kan ló ń jò lọ sínú kànga rẹ̀. Kí a má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní ọdún 2021, àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní onígbáméjì ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tó sì kú lé ní 3,000. Owó oògùn kò sí nínú ìṣirò kẹ́ẹ̀gì tí mo ṣe lókè.

Ibi tí agbára onílé mọ

N kò sọ pé kí gbogbo wa di púlọ́ńbà. Bí ilẹ̀ bá ti rì, tí ògiri sì ti là tó ohun tí ìka lè wọ̀, ẹ pe ẹni tó mọ ilé kíkọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Páìpù ìdọ̀tí àti ti ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé gba ara ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Páìpù ìjọba tó wà lójú títì, ti iléeṣẹ́ omi ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń gbé ilé olówó-orí, kó kọ́kọ́ sọ fún onílé, kí wọ́n sì kọ àdéhùn sílẹ̀ lórí ẹni tó ni ìnáwó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní páìpù tó ń rìn lára ògiri bí ejò kò dára lójú. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ejò tí a rí kì í buni jẹ lójú oorun. Ọ̀dà ilé á bò ó mọ́lẹ̀, bó bá sì jò lọ́la, ọmọ ilé-ìwé á rí i, á sì kígbe. Àwọn mìíràn á ní mò ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn púlọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Rárá o. Ẹni tí kò bá lè gun àkàbà, kó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kó sọ iṣẹ́ tó fẹ́: "Ẹ má fọ́ ilẹ̀ mi, ara ògiri ni kí ẹ gbà." Púlọ́ńbà tó bá ṣe iṣẹ́ tí kò tún bàjẹ́, orúkọ rere ló ń kó jọ.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń dá ilé gbé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Okùn wíwọ̀n, páìpù gígé, gọ́ọ̀mù fífi pa, kò sí èyí tó wúwo tó àpò gàrí tí ẹ ń gbé kúrò nínú mọ́tò lọ́jọ́ ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe

Níbi tí ọ̀rọ̀ wa dé yìí ni mo fẹ́ kí àwọn alákòóso tẹ́tí sí. Ohun mẹ́ta ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkíní, ẹ̀yáwó pàjáwìrì. A máa ń yá owó fún àìsàn, fún owó ilé-ìwé, fún ìsìnkú. Kí a fi àtúnṣe omi ilé kún un, owó kékeré tí a ó san padà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tí onídùúró kan á tó fún. Ẹni tó ń pàdánù táńkì mẹ́sàn-án lóṣù, ohun tó ń pàdánù náà ló máa fi san gbèsè. Ẹ̀yáwó wo ló tún dára ju èyí tó ń san ara rẹ̀ padà?

Èkejì, irinṣẹ́. Sípáná páìpù méjì, ayùn irin, àti àkàbà kan. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ra gbogbo rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí ẹgbẹ́ rà á, kí akọ̀wé máa kọ orúkọ ẹni tó bá yá a. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti dé orílẹ̀-èdè yìí, ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò yí padà: ohun tí apá ẹnì kan kò ká, kí ọwọ́ púpọ̀ jọ gbé e.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá máa yá owó ẹgbẹ́ kọ́ ilé tuntun, kí ó fọwọ́ sí i pé páìpù omi rẹ̀ kò ní sùn sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀. Owó gbogbo wa ló wà nínú ilé yẹn. Bí ilé bá sán kí gbèsè tó tán, kì í ṣe onílé nìkan ni yóò sunkún.

Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, kó dìde níbẹ̀ kó sọ ọ́, bóyá ó mọ ohun tí n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ jọ̀ọ́, lálẹ́ òní, ẹ pa gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sàmì sí ara táńkì yín. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ óò mọ̀ bóyá èmi ni mò ń ṣe àsọdùn, tàbí ilẹ̀ ilé yín ló ti ń mu omi láìsọ fún yín.